Ìkíni Ọlọ́wọ́ Méjì

Àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Télọ̀ ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, láàárín ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà àti ibi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Má-jẹ̀ẹ́-ó-tú, nítorí pé aṣọ tó bá rán lè ṣá, ó lè gbó, ó lè fàya níbi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ojú rírán rẹ̀ kì í tú. Kọngílá ilé kíkọ́ ni èmi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti fi gbogbo ayé mi bá àwọn bíríkìlà jà lórí ògiri tó wọ́ àti ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì, nítorí náà mo mọyì irú ọwọ́ tí àbúrò mi ní. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí wọn kò tún ní láti pè é padà wá tún un ṣe, ó wọ́n lóde.

Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ìyẹn sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Òun nìkan ló ń gbé nínú yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù, ó sì wù ú bẹ́ẹ̀, torí kò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe nǹkan. Bí o bá bá a gbé garawa omi, yóò dúpẹ́, yóò gbé garawa náà padà síbi tí o ti gbé e, lẹ́yìn náà ni yóò wá fúnra rẹ̀ gbé e.

Lọ́dún tó kọjá ni rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó ń gé aṣọ lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ òsì tẹ aṣọ mọ́ tábìlì, ló bá rí i pé aṣọ náà ń yọ̀ lọ. Ó ní òun kọ́kọ́ bú aṣọ ná. Ìgbà tó fẹ́ dìde ló tó mọ̀ pé ẹjọ́ náà kì í ṣe ti aṣọ. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Ẹnu rẹ̀ tó wọ́ tọ́ padà. Ẹsẹ̀ náà bọ̀ sípò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń wọ́ ọ díẹ̀ bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ òsì ni kò padà. Ó ń rọ̀ dirodiro bí ẹrù tí ẹnì kan gbé kọ́ ọ léjìká, tí kò sì wá gbà á mọ́.

Dókítà kan wà ní ọsibítù náà tó jẹ́ pé iṣan nìkan ló ń tọ́jú. Ọkùnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Tún-un-ṣe ni àwọn aláìsàn ń pè é, torí bí o bá gbé apá sókè, bó sì dùn ọ́ wọnú eegun, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sọ: "Tún un ṣe!" Ó là á mọ́lẹ̀ lójú èmi àti ọmọ àbúrò mi: "Ìyá, oṣù díẹ̀ yìí ni àsìkò rẹ̀. Iṣan tí ẹ ò bá lò báyìí, yóò le. Tó bá sì le tán, kì í ṣe èmi lẹ máa wá bá." Má-jẹ̀ẹ́-ó-tú lọ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n kó gbogbo aláìsàn jókòó yí ká nínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n fi bọ́ọ̀lù rọ́bà sí i lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa fún un. Bọ́ọ̀lù já bọ́, ó yí lọ sábẹ́ àga, bàbá arúgbó kan sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a mú un. Ọjọ́ yẹn ló lọ kẹ́yìn.

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?" ló bi mí. "Kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù lé mi lọ́wọ́, kí ẹni tó tó bàbá mi wá máa bá mi ṣa á nílẹ̀?"

Láti ìgbà náà ló ti ń fi ìborùn bo ọwọ́ náà mọ́lẹ̀, òjò ni o, oòrùn ni o. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Bí ọwọ́ òsì kò bá padà, ìránṣọ ti parí nìyẹn, gbogbo wa la sì mọ̀ pé bí ìránṣọ bá parí, nǹkan púpọ̀ ni yóò bá a lọ lára àbúrò mi. Oṣù ń gorí oṣù. Kò sẹ́ni tó lè bá a sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ fi pè mí lórí fóònù.

"Bàbá mi, mo ti bá ẹ̀yin àti mọ́mì gba yàrá méjì ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú. Kí wọ́n kúrò nínú ilé yẹn, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn lára."

"Òtẹ́ẹ̀lì wo nìyẹn?"

Ó sọ fún mi. Mo wá ibi jókòó sí.

"Ṣé ilé gíga ti àwọn ará Íńdíà tó wà láàárín ìgboro yẹn? Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀?"

"Bàbá mi, èmi náà ni mo san án."

"Lọ gbà á padà. Ká fi tún òrùlé ìyá ẹ ṣe."

"Wọn kì í dá a padà."

Ìyẹn ló parí àríyànjiyàn. Mi ò lè jókòó kí irú owó bẹ́ẹ̀ ṣòfò lójú mi. Mo ní a ó lọ.

"Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ọsibítù yẹn fún wọn náà," ló fi kún un. "Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu."

"Kò gbọ́ tèmi náà rí. Ó kàn máa ń dákẹ́ títí màá fi sọ̀rọ̀ tán ni."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo wa ọkọ̀ ògbólógbòó mi dé iwájú òtẹ́ẹ̀lì náà, láàárín àwọn ọkọ̀ tó ń dán bíi dígí. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó wé láwàní pupa ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Irunmú rẹ̀ pọ̀ débi pé ètè òkè rẹ̀ kò hàn rárá, kíá ni àbúrò mi ti sọ ọ́ ní Onírunmú. Ó wò wá, ó lẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó tẹrí ba, ó ní, "Namasté. Ẹ káàbọ̀ sílé yín."

"Fíìmù Íńdíà gan-an nìyí," ni mo sọ sí àbúrò mi létí. "Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, tí wọ́n ń sá yí igi ká, mo ti padà sínú mọ́tò."

Kò rẹ́rìn-ín. Onírunmú ló ń wò. Ọkùnrin náà kò sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Èmi ti lẹ tèmi pọ̀, mo ti kí i padà, mo ti fẹ́ máa lọ. Àbúrò mi dúró sójú kan. Mo rí i tí ìborùn rẹ̀ mì lápá òsì, bí ẹni pé nǹkan kan fẹ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún nìkan sókè níwájú àyà, ó na ìka rẹ̀ ṣánṣán. Ó jọ ọlọ́pàá ojú títì gẹ́lẹ́. Awakọ̀ takisí tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa sì tẹ bíréèkì ní tòótọ́.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Àbúrò mi sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó gba iwájú mi wọlé, kò sì wo ẹ̀yìn.

Ilẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò bí mo bá wọ ilé olówó. Mábù funfun ni ti ibẹ̀, wọ́n gé àwòrán ìtànná pupa sí i láàárín, mo sì fi ẹnu bàtà mi wá ibi tí òkúta kan ti ga ju èkejì lọ, mi ò rí i. Òrùlé ga débi pé ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dágbére fún ìyàwó rẹ̀. Omi ń ṣàn nínú adágún kékeré kan tí wọ́n fọ́n òdòdó sí lójú. Wọ́n fi ẹ̀gbà òdòdó kọ́ wa lọ́rùn, mo fọwọ́ kan tèmi bóyá oníke ni. Òdòdó tútù ni. Fún gbogbo àlejò, lójoojúmọ́! Mo ti ń ṣe ìṣirò bọ̀ lọ́kàn mi kí a tó dé ẹnu lífítì.

Ṣùgbọ́n gbogbo igun tí a bá yà, ẹnì kan wà níbẹ̀: ẹni tó ń gba orúkọ, ẹni tó ń gbé ẹrù, ẹni tó dúró ti lífítì. Gbogbo wọn ló ń lẹ ọwọ́ méjì pọ̀, gbogbo wọn ló sì ń dúró. Àbúrò mi ń mi orí sí wọn, ó ń yára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ.

Obìnrin kan tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún ló ń tọ́jú àwọn yàrá òkè níbi tí wọ́n fi wá sí. Ó ró aṣọ gbọọrọ kan mọ́ra láti ọrùn ẹsẹ̀ dé èjìká, ó ní ká máa pe òun ní Dídì, torí ohun tí àwọn ará Íńdíà ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin nìyẹn. Yàrá wa méjèèjì fara kanra, ilẹ̀kùn kan wà láàárín wọn. Ìrọ̀rí tó wà lórí ibùsùn èmi nìkan tó ti odidi ẹbí. Dídì gbé tíì wá, tíì oníwàrà tí wọ́n fi atalẹ̀ àti àwọn èso olóòórùn dídùn sè, nínú ife kéékèèké. Mo mu tèmi tán, torí wọn ò tọ́ mi láti fi nǹkan sílẹ̀ nínú ife. Dídì tún bu òmíràn sí i. Mo tún mu ún tán. Ó tún bù ú. Mo rò ó pé bóyá ìwà àìmoore ni bí mo bá dá a dúró, mo ń mu ún lọ, títí ikùn mi fi ń ró bí garawa tí wọ́n ń gbé gun àtẹ̀gùn.

"Ìyá Dídì," mo ní, "ṣé tíì yìí ò ní tán lọ́wọ́ yín ni?"

"Kò lè tán, bàbá. A kì í jẹ́ kí ife àlejò ṣófo. Bí ó bá tó yín, ẹ kàn fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó."

"Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?"

"Mo rò pé ó dùn mọ́ yín ni."

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, mi ò sì bínú pé èmi ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Ó wá bi Dídì léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Kí ló dé tí wọn kì í sọ ọwọ́ kalẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, ìyá. Ẹni tó bá kí àlejò, kò gbọ́dọ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí àlejò yóò fi dáhùn tàbí kó kọjá. Àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ wa. Wọ́n á kọjá, a ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Kò burú."

"Ó burú," ni àbúrò mi wí.

Nígbà tí Dídì jáde, àbúrò mi ní òun kò tún ní sọ̀kalẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ Àìkú.

"Ìwọ obìnrin yìí, ọmọ rẹ ti sanwó oúnjẹ nísàlẹ̀."

"Kí wọ́n gbé e wá sókè."

"Gbígbé e wá sókè, owó mìíràn ni."

"Ẹ̀yin ẹ lọ jẹ tiyín. Bọ̀ọ̀dá, gbogbo kọ̀rọ̀ ni wọ́n dúró sí. Àgbàlagbà á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nítorí mi, èmi á wá máa mi orí bí aláǹgbá."

"Wọ́n mọ̀ pé ara rẹ ò yá."

"Ta ló sọ fún wọn? Ọwọ́ mi wà nínú ìborùn."

Mo rò ó pé ibí gan-an ni mo ti lè mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọsibítù, mo sì mẹ́nu bà á. Ó dákẹ́ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní kí n lọ sinmi, tíì ti pọ̀ nínú mi.

Mi ò tíì sùn dáadáa tí mo fi dìde láti lọ tọ̀, bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí Dídì ti lọ. Ilẹ̀kùn àárín yàrá wa ṣí díẹ̀. Àbúrò mi dúró níwájú dígí, ìborùn wà lórí ibùsùn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn ọwọ́ òsì mú, ó gbé e sókè dé àyà, ó gbìyànjú láti fi àtẹ́lẹwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́. Bó ṣe jù ú sílẹ̀ ni òsì já wálẹ̀, ó gbá tábìlì. Ó ṣépè fún un. Ó tún gbé e. Mo rọra padà sórí ibùsùn mi, mo wúkọ́, mo wá kanlẹ̀kùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ṣé o ò bá mi sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́?" ni mo bèèrè.

"Mo ń bọ̀," ó ní. "Ebi ń pa mí. Ẹ kàn má ṣe yára."

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn oúnjẹ ni iṣẹ́ Onírunmú máa ń gbé e dé. Bó ṣe rí wa, ó lẹ ọwọ́ pọ̀. Àbúrò mi dúró níwájú rẹ̀, ó yọ ọwọ́ òsì jáde lábẹ́ ìborùn, ó fi ọ̀tún gbé e. Ó pẹ́. Ìka òsì ká bí ẹni tó di ẹyin mú, wọn kò fẹ́ ṣí. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn wa, ọkùnrin onítáì kan sì ń pòṣé. Mo na ọwọ́ mi láti ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi mí sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Onírunmú kò mira. Kò ràn án lọ́wọ́, kò wo àwọn tó wà lẹ́yìn, kò sì ṣe ojú àánú. Ó kàn ń dúró, bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láti àárọ̀. Nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fara kanra nígbẹ̀yìn, tí ọ̀kan na tán, tí èkejì ká, àbúrò mi ní, "Ẹ ǹlẹ́ o." Onírunmú tẹrí ba jìnnà ju bó ṣe tẹrí ba fún mi lọ.

"Ẹ ǹlẹ́, ìyá. Oúnjẹ á dára fún yín."

Ó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó ṣiṣẹ́ oko. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó gbóná, ìrẹsì, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè rọ̀: ó jẹ gbogbo rẹ̀, ó sì jẹ díẹ̀ lára tèmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo kanlẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Mo bá a lẹ́nu lífítì. Ó ti kí ẹni tó dúró ti lífítì, ó kí àwọn tó ń nu fèrèsé, ó kí ọkùnrin tó ń bomi rin òdòdó. Ó ń wá ẹni tí yóò kí òun kiri inú òtẹ́ẹ̀lì. Bí a bá yà sí kọ̀rọ̀ kan, tí kò sí òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ojú rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì.

"A ò tíì jẹun àárọ̀ o," ni mo wí.

"Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà ibi ìfọṣọ kọjá. Wọ́n ní àwọn tó wà níbẹ̀ pọ̀."

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, mo rí i tó ń fún eyín pọ̀ bó bá ti gbé apá. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀kan, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yára fi ìborùn nù ún. Èmi kì í wo nǹkan tó ń bàjẹ́ kí n dákẹ́. Nígbà tó wọ yàrá lọ sinmi, mo wá Dídì lọ, mo ní kó bá mi sọ fún gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n yé lẹ ọwọ́ pọ̀ sí àbúrò mi, kí wọ́n kàn tẹrí ba. Ó wò mí.

"Ṣé ìyá ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo sọ ọ́."

"Ó dáa, bàbá."

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, a jáde lọ sí ọgbà ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó dúró ti lífítì rí wa, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹrí ba. Àbúrò mi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apá dúró láàárín méjì. Ọkùnrin tó ń bomi rin òdòdó náà kó ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn tó ń nu fèrèsé náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì kí ọkùnrin onítáì tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ọwọ́ méjèèjì, àtẹ́lẹwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ wò wọ́n.

Àbúrò mi yípadà sí mi.

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi ni kí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn. Ẹ má parọ́ fún mi, ojú yín ti sọ ọ́."

"Ó ń dùn ọ́! Mo rí i. Ṣé kí n máa wò ọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ máa wò mí! Ó ń dùn mí, mo mọ̀ pé ó ń dùn mí, èmi ni mo ni apá. Láti ìgbà tí nǹkan yìí ti ṣe mí, gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí mi. Wọ́n ń bá mi gé ẹran. Wọ́n ń bá mi ṣa bọ́ọ̀lù. Ibí yìí nìkan ni ẹnì kan ti dúró dè mí, tó dúró dè mí títí mo fi ṣe é. Bọ̀ọ̀dá, ẹ sì lọ gbà á lọ́wọ́ mi!"

Àwọn tó wà lórí àga létí omi ti ń wò wá. Mo fẹ́ sọ pé mo ní inú rere. Ọ̀rọ̀ náà dà bí owó ayédèrú lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

"Wọn yóò tún un ṣe," ni mo wí. "Màá sọ fún Dídì."

"Ẹ má sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ ti sọ̀rọ̀ jù."

Ó kọjú sí iwájú òtẹ́ẹ̀lì, ó ń lọ. Mo tẹ̀ lé e lókèèrè. Onírunmú wà lẹ́nu ọ̀nà ńlá, ó ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún àwọn kan. Ó rí àbúrò mi tó ń bọ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni àbúrò mi wí, "kí mi."

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, ìyá."

"Rárá. Kí mi bó o ṣe ń kí àwọn tó kù."

Onírunmú wo ọ̀dọ̀ mi. Mo gbé ojú sókè, mo ń wo òrùlé. Ó wá yọ ọwọ́ méjèèjì jáde, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀ níwájú àyà, ó tẹrí ba, ó sì dúró.

Àbúrò mi mú ìborùn kúrò léjìká, ó fi kọ́ apá mi bí ẹni pé ìkọ́ ara ògiri ni mí. Ó wo ọwọ́ òsì. Ó ti na ọ̀tún láti gbé e bó ti ń ṣe láti àná, ṣùgbọ́n kí ọ̀tún tó dé ibẹ̀, òsì ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀. Ó gbéra. Kò ga. Bí ìwé méjì bá gorí ara wọn lórí tábìlì, bó ṣe ga mọ nìyẹn. Ó gbọ̀n, ó dúró níbẹ̀, ọ̀tún wá bá a, ó gbé e dé àyà. Ìka méjì ló nà lára ìka òsì nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ fara kanra. Lánàá, kò sí èyí tó nà.

Ọkọ̀ kan ń fun fèrè pé kí Onírunmú wá ṣílẹ̀kùn, Onírunmú kò lọ.

"Ẹ rí i?" Ohùn àbúrò mi kéré. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Mi ò gbé e. Òun ló gbé ara rẹ̀."

"Mo rí i, mo wí."

"Namasté, ìyá," ni Onírunmú wí, irunmú rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wá sáré lọ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ náà.

A jókòó sórí àga tó wà nítòsí, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Ó ń wo ọwọ́ náà lórí itan rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò retí. Ó wá bi mí, láìwo ojú mi, bóyá Ọ̀gá Tún-un-ṣe máa ń wà níbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Mo ní mi ò mọ̀, mo máa pè. Mo ti mọ̀ dáadáa pé ó máa ń wà.

Ní Mọ́ńdè, gbọ̀ngàn ọsibítù kún bí ti tẹ́lẹ̀. Àga oníke, fèrèsé gíga, òórùn oògùn ìpara. Ọ̀gá Tún-un-ṣe rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu.

"Ìyá! Mo rò pé ẹ ti rí dókítà mìíràn tó rẹwà jù mí lọ."

"Tó rẹwà jù ẹ́ lọ pọ̀. Kò sí èyí tó lariwo tó ẹ. Jókòó, kí n fi nǹkan hàn ẹ́."

Dókítà jókòó. Àbúrò mi ṣàlàyé fún un bí yóò ṣe kí òun, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Mo rò pé èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni yóò nira fún un jù. Ó lẹ ọwọ́ pọ̀, ó dákẹ́. Àbúrò mi gbé òsì. Ó gbéra díẹ̀ ju ti ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ, àbí ojú mi ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún bá a, wọ́n jọ gòkè, wọ́n pàdé. Ọ̀gá Tún-un-ṣe tẹjú mọ́ èjìká rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ìka rẹ̀.

"Tún un ṣe," ló wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ ọwọ́ tirẹ̀ kalẹ̀. Àbúrò mi tún un ṣe. Bàbá awakọ̀ kan tó jókòó ní òdìkejì, tí ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ ló kú, ti gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbìyànjú rẹ̀ náà. Kò rọrùn fún un. Àbúrò mi ń wò ó, kò ràn án lọ́wọ́. Ó kọjú sí i, ó lẹ ọwọ́ pọ̀ bó ti lè ṣe é tó, ó sì ń dúró dè é.

Dókítà ní kó máa wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó sì sọ òótọ́ fún wa pé òun kò mọ̀ bóyá ọwọ́ náà yóò tún ṣe iṣẹ́ télọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá, pé yóò gba oṣù púpọ̀, pé ìnira rẹ̀ ṣì wà níwájú. Àbúrò mi ní òun gbọ́. Mo ti ń ro epo ọkọ̀ àti ibi tí màá máa gbé ọkọ̀ sí.

"Màá máa gbé ọ wá," ni mo wí.

"Kí lẹ fẹ́ máa gbé mi wá ṣe? Bọ́ọ̀sì ń kọjá níwájú ọsibítù." Ó ti tún kọjú sí bàbá awakọ̀. "Bàbá, ìgbọ̀nwọ́ yín ń sá lọ. Ẹ mú un wálé. Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa lọ sílé, ó máa pẹ́ kí n tó ṣe tán níbí."

Mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi, mo sì jáde.